Àmì Ìka Méjì Lábẹ́ Lẹ́tà

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú iná ẹja, ẹ kú èéfín, ẹ kú ìdúró de ọmọ tí kò tètè dé. Èmi Akínlúyì, àkọ́bí yín, ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ òyìnbó níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ náà tutù dé egungun. Mo kí Fúnmiláyọ̀ àbúrò mi àti ọmọ tó bí tí n kò tíì fojú rí. Mo kí Bùrọ̀dá Sámúẹ́lì, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá mi, télọ̀ tó wà ní Fádèyí, tó ń bá yín ka lẹ́tà tó sì ń bá yín kọ ọ́. Mo kí gbogbo ará Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà ní Bàrígà, àwọn tó wà lójú omi àti àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe lórí ilẹ̀. Bàbá mi nìkan ni n kò tíì kí. Ẹ ní sùúrù fún mi, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbà kọ̀wé sí yín, bí ẹni pé mi ò mọ ojúlé wa mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé Bùrọ̀dá Sámúẹ́lì ló máa ń ka lẹ́tà mi sí yín létí, mo sì mọ Bùrọ̀dá. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n bó ti ń gé aṣọ ló ń gé lẹ́tà. Ibi tó bá rí pé ó máa dùn yín, ṣe ló máa fò ó, tí á fi ìkíni dí ojú rẹ̀. Èyí tí mo kọ yìí, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé láti Ṣómólú títí dé etí omi lè kà á fún yín. Bùrọ̀dá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ ṣe.

Ìdí kejì ni àwọn ọ̀dọ́ Ṣómólú àti Bàrígà tí wọ́n ń kọ̀wé sí mi ṣáá, tí wọ́n ní kí n fi ọ̀nà iṣẹ́ ológun òfuurufú han àwọn. Wọ́n ń pè mí ní awakọ̀ òfuurufú. Wọn yóò gbọ́ òótọ́ lónìí, ẹ̀yin náà yóò sì gbọ́ ọ.

Ìyá mi, n kò wa bàálù rí. N kò wà á lánàá, n kò wà á lónìí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti jókòó sínú rẹ̀, mo sì bì nígbà méjèèjì.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, bíríkì ni mo ń rù níbi tí wọ́n ti ń sun ún. Lọ́jọ́ kan ni mo rí ìwé ńlá kan lára ògiri, àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbójú sókè ń wo ọkọ̀ òfuurufú wà nínú rẹ̀. Ìwé náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, tó fẹ́ kàwé, máa bọ̀ wá di ọmọ ogun òfuurufú. Mo ní èmi nìyẹn. Mo wọ inú ọ́fíìsì wọn tọ ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ lọ, mo sọ fún un pé mo fẹ́ máa wa bàálù. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi mí pé ìwé mélòó ni mo kà, mo ní Sítáńdáàdì Síísì. Ó ní ẹni tí yóò wa bàálù ní láti kàwé jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n fún ẹnì kan tó ń fò lókè, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ kó tó lè fò, ẹni tó bá sì wà nílẹ̀ lè máa kàwé lọ. Mo fọwọ́ sí ìwé ọdún márùn-ún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òótọ́ ni ọ̀gá yẹn sọ. Iṣẹ́ wà. Àwọn kan ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àwọn kan ń fi wáyà ránṣẹ́, àwọn kan ń tọ́jú aláìsàn, àwọn kan jẹ́ akọ̀wé, àwọn kan ń se oúnjẹ tí kò ní ata. Olùkọ́ wà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò àti èdè òyìnbó ní ìrọ̀lẹ́, a kì í sanwó fún un. Ẹni tó bá yege ìdánwò lè ti iṣẹ́ kan bọ́ sí iṣẹ́ tó ga jù ú lọ. Wọ́n á pè yín ní orúkọ tí ẹ ò jẹ́, ẹlòmíràn ò ní fẹ́ jókòó tì yín nídìí tábìlì, àmọ́ ìwé tí ẹ bá gbà níbẹ̀, tiyín ni. N kò ní bá iṣẹ́ tó ń bọ́ mi jà. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, n ó sì sọ ọ́ tí mo bá parí ti ìyá mi.

Iṣẹ́ tèmi nìyí. Aṣọ kan wà tí àwọn tó ń fò máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, páráṣúùtì ni wọ́n ń pè é. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lókè, wọ́n á bẹ́ sílẹ̀, aṣọ náà á ṣí lórí wọn bí agbòòrùn ńlá, á sì gbé wọn wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi ni mo máa ń ká a. Tábìlì wa gùn tó ọkọ̀ ìpẹja méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn. N ó tẹ́ aṣọ náà gbalaja, n ó fọwọ́ wá ibi tó bá ya, n ó to okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó ká a, n ó sì kọ orúkọ mi sí káàdì tó wà lára rẹ̀. Bí kò bá ṣí, orúkọ ẹni tó wà lára káàdì ni wọn yóò kọ́kọ́ wá.

Bàbá ló fún mi ní iṣẹ́ náà láìmọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé ibẹ̀, okùn páráṣúùtì kan lọ́ mọ́ra wọn lórí ilẹ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì ń fà á sọ́tùn-ún sósì. Sájẹ́ńtì wa, bàbá arúgbó kan tó máa ń wúkọ́, ti ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n dán an wò. Mo jókòó sílẹ̀, mo ṣe bí Bàbá ṣe kọ́ mi: a kì í fa àwọ̀n tó bá lọ́, orí rẹ̀ la máa ń wá. Kò pẹ́ tí okùn náà fi tú. Sájẹ́ńtì bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo ní bàbá mi ni. Ó bi mí pé ṣé ológun ni bàbá mi, mo ní rárá, apẹja ni. Lọ́jọ́ kejì ló mú mi lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ká aṣọ. Ẹ̀yin náà sì rántí àwọ̀n jíjù Bàbá, bó ti máa ń ká a lé apá kó tó jù ú, tó máa ń sọ pé àwọ̀n tí a kò bá ká dáadáa kò ní là kó tó kan omi. Bákan náà ni páráṣúùtì rí.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú yàrá wa, mo sì wò ó pé, èmi tí gbogbo Bàrígà sìn dé èbúté Àpápá, aṣọ ni mo wá ń ká lókè òkun. Nítorí náà ni mo ṣe lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, mo ní kí wọ́n yà mí ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí yín. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ń wà á. N kò sì kọ ọ́ pé èmi kọ́. Bùrọ̀dá kọ̀wé padà pé Bàbá ti mú fọ́tò náà káàkiri etí omi, pé bí bàálù bá ti ń lọ sí Ìkẹjà, Bàbá á dìde dúró nínú ọkọ̀, á na àjẹ̀ sókè, á ní Lúyì ń kọjá lọ. Ó ní ẹ̀yin náà máa ń gbé àtẹ ẹja kalẹ̀, tí ẹ ó fi gèlè juwọ́. Mo ka ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì bàjẹ́. Síbẹ̀ n kò tún un ṣe.

Nínú lẹ́tà yẹn náà ni Bàbá ti bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní bí ọkọ̀ ojú omi bá dànù, èèyàn á lúwẹ̀ẹ́. Èyí tó bá dànù lókè ńkọ́, kí ni ẹni tó wà nínú rẹ̀ máa dì mú? Ó ní òun kì í sùn dáadáa nítorí rẹ̀. Ìyá mi, ìdáhùn wà ní ọwọ́ mi méjèèjì, mo sì fèsì pé kó fọkàn balẹ̀, kó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan wọ yàrá wa, ó ń bèèrè ẹni tó ń jẹ́ Akínlúyì. Ọkọ̀ rẹ̀ ti gbiná lókè, ó bẹ́ sílẹ̀, orúkọ mi ló bá lára káàdì. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kún fún omi. Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá ni mo fẹ́ kọ̀wé sí. Mo mú bírò, mo rántí pé irọ́ mi yóò tú, mo gbé bírò kalẹ̀.

Ní ti ìlú yìí, òtútù rẹ̀ kò ní ìtìjú, inú ibùsùn ló ti máa ń bá èèyàn. Nígbà òtútù, oòrùn á yọ fún ìgbà díẹ̀, á sì padà lọ sílé bí àlejò tí kò fẹ́ jẹun. Èèyàn pọ̀ ní bárékè wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè bá sọ èdè wa. Nígbà mìíràn tí mo bá ń ká aṣọ, n ó máa bá a sọ̀rọ̀ bí Bàbá ti ń bá àwọ̀n sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ rò pé àdúrà ni mo ń gbà. Ilé là ń padà sí, ọjọ́ tí ọdún márùn-ún mi máa pé ni mo sì ń kà.

Ó ku oṣù mẹ́ta kó pé ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní mo ti yege gbogbo ìdánwò ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì fẹ́ rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Ìwé tí n ó gbà níbẹ̀, bí mo bá mú un dé ilé, wọn kò ní lè lé mi ní pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n mo ní láti fọwọ́ sí ọdún mẹ́fà sí i. N kò lè dá a ṣe, torí Bàbá ti sọ fún mi ní èbúté pé òun fẹ́ rí ojú mi kí òun tó pajú dé. Mo kọ̀wé sí yín, mo ní kí Bàbá sọ èyí tó bá fẹ́: kí n máa bọ̀ wálé, tàbí kí n dúró kàwé. Mo ní ohunkóhun tó bá sọ ni n ó ṣe.

Èsì dé lẹ́yìn Kérésìmesì. Bùrọ̀dá kọ ọ́ pé Bàbá ní kí n fọwọ́ sí i, pé ara òun le koko, pé ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ ayé, pé òun yóò dúró dè mí. Mo wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà, mo rí àmì ìka méjì níbẹ̀, ti Bàbá lápá òsì, tiyín lápá ọ̀tún, bó ti máa ń rí. Inú mi dùn. Mo fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ kejì.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan lóṣù tó kọjá, yìnyín dí ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó lè jáde. Mo kó gbogbo lẹ́tà ilé jáde, mo tẹ́ wọn sórí ibùsùn, mo tò wọ́n bí wọ́n ti dé tẹ̀lé ara wọn. Sájẹ́ńtì ti kọ́ wa pé tí a bá ń yẹ aṣọ wò, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ká máa wá. Mi ò mọ̀ pé ojú iṣẹ́ ni mo fi ń wo lẹ́tà yín. Àtàǹpàkò Bàbá ní àpá. Ẹ ò lè gbàgbé àpá náà, èmi ni mo dá a sí i lára. Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, mo fa okùn kó tó ní kí n fà á. Ìwọ̀ ya àtàǹpàkò rẹ̀ láti orí dé oríkèé, kò sì nà mí. Láti ìgbà náà, bó bá ti tẹ ìka mọ́ ìwé, ìlà funfun kan á la àárín rẹ̀ kọjá. Ìlà náà wà nínú gbogbo lẹ́tà títí di ti Àjíǹde èṣí. Lẹ́yìn Àjíǹde, lẹ́tà mẹ́ta ló ti dé. Kò sí ìlà nínú wọn.

Mo kọ́kọ́ rò pé Bùrọ̀dá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìka náà kéré, àpá ọ̀bẹ wẹ́wẹ́ mẹ́ta sì wà létí rẹ̀, irú èyí tí ọ̀bẹ máa ń dá sí ọwọ́ òsì ẹni tó ń la ẹja láti òwúrọ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo dì mú lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá mi, ọwọ́ ọ̀tún yín ni ẹ fi tẹ tiyín. Ọwọ́ òsì yín ni ẹ fi tẹ ti Bàbá.

Inú bí mi. N kò ní purọ́ mọ́, inú bí mi gan-an. Mo ti àwọn lẹ́tà náà sábẹ́ ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní ǹ bá má ti fọwọ́ sí nǹkan kan, mo ní ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ní ó fún mi láṣẹ. Mo mọ̀ pé a kì í fi lẹ́tà túfọ̀ fún ẹni tó wà lókè òkun, kí ó má bàa ṣe ara rẹ̀ léṣe níbi tí kò sí ẹni tí yóò dì í mú. Èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú ní Màhìn, èmi ni ẹ ní kí n kọ lẹ́tà sí àbúrò Bàbá ní Sàpẹlẹ, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìyá Àgbà ń kí i, pé ó ní kó má gbàgbé láti máa wọ bàtà. Mo tiẹ̀ rò pé mo gbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ bàtà yẹn. Odidi ọdún kan ni àbúrò Bàbá náà fi ń fi aṣọ àti tábà ránṣẹ́ sí òkú. Mi ò mọ ohun tí a ṣe fún un àfi ìgbà tó kàn mí.

Èmi ni àkọ́bí. Ta ló bu yẹ̀pẹ̀ sí i? Ibo ni ẹ sin ín sí, ṣé etí omi ni àbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé àìsàn ni, àbí omi ló gbé e? Kò sí ẹni tó tíì kí mi kú ara fẹ́ra kù. Mo ń ṣọ̀fọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, bí olè. Nígbà tí Sájẹ́ńtì bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní orí ń fọ́ mi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ karùn-ún, mo tún wo ìka òsì yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi gan-an, yíǹkì náà tàn ká, bí Bàbá ti máa ń tẹ tirẹ̀, torí ó rò pé bí òun kò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa kò ní dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rí i pé ẹ gbìyànjú láti dà bí i rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ jókòó ti télọ̀, ẹ ní kó kọ ọ́ pé ara rẹ̀ le, kí ọmọ yín lè kàwé. Ìbínú mi rọ̀ níbẹ̀, ẹkún ló kù. Èmi náà ti fi fọ́tò purọ́ fún yín, ẹ̀yin sì fi ìka purọ́ fún mi. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bèèrè ọ̀nà, ohun tí mo ní n ó sọ nìyí. Ẹ máa bọ̀ bó bá wù yín, ilé ẹ̀kọ́ náà dára, n ó sì parí tèmi, torí ohun tí ìyá mi fi rà á pọ̀ jù fún mi láti sọ nù. Ṣùgbọ́n ọdún tí ẹ bá fọwọ́ sí, kì í ṣe tiyín nìkan. Ọdún bàbá yín wà nínú rẹ̀. Ẹ jókòó tì í kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kó sì jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni ẹ ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá mi, bí bàálù bá ń kọjá lọ sí Ìkẹjà, ẹ má gbé àtẹ yín sílẹ̀ mọ́. Kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ fún àwọn tí Bàbá fi fọ́tò hàn pé ẹni tó bá já bọ́ lókè ní ohun tó lè dì mú, pé ọmọ rẹ̀ ló ń ká a, bó ti kọ́ ọ láti máa ká àwọ̀n.

Mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá máa fèsì, ẹ má jẹ́ kí Bùrọ̀dá wá ọ̀rọ̀ dídùn. Ó lè jẹ́ èmi ni mo ṣìnà. Bó bá jẹ́ pé Bàbá wà láàyè, tó kàn jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ láti gbé ọwọ́ ni, ẹ bá mi mú àtàǹpàkò rẹ̀ tó ní àpá, ẹ gbé e lé ìwé. N ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo Bàrígà. Bí kò bá sì sí mọ́, ẹ kò ní láti kọ ohunkóhun. Ẹ tẹ tiyín lápá ọ̀tún níbi tí ẹ máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, kí ẹ sì fi apá òsì sílẹ̀ lófìfo. Ó ti tó. N ó mọ̀, n ó sì lè sunkún.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó wà lójú omi àti ẹni tó wà lókè yóò ṣọ́ yín fún mi. Ẹ ó pẹ́, ẹ ó dúró dè mí, ọwọ́ yín ni n ó sì dì mú nígbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bá mi fi ẹnu ko ọmọ Fúnmiláyọ̀ lẹ́nu. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí etí ọ̀sà, ẹ kí ọkọ̀ Bàbá níbikíbi tí ẹ so ó mọ́.

Èmi ni ọmọ yín, tó mọ ọwọ́ yín méjèèjì,
Akínlúyì.